Kúbùsù awọ ehoro tó ya lójú rírán: àkọsílẹ̀ ìṣẹ̀lẹ̀ kan

Nínú àkọsílẹ̀ yìí, mo fẹ́ ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ sí kúbùsù kan tí mo fi ọwọ́ rán láti ara awọ ehoro, ìyẹn awọ tí wọ́n ti ṣe títí tó fi rọ̀, tí irun sì wà lára rẹ̀ digbí. Iṣẹ́ ti dé ìdá kan nínú mẹ́ta kí kúbùsù náà tó ya mọ́ mi lọ́wọ́. Okùn ni mo kọ́kọ́ fura sí, mo tún fura sí abẹ́rẹ́, kí n tó wá rí i pé inú awọ gan-an ni ọ̀ràn wà, ó sì ti wà níbẹ̀ kí n tó gún abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́. Mo kọ ọ́ sílẹ̀ ní kíkún nítorí pé láti ọjọ́ kìíní ni ojú awọ ti ń fi àmì hàn mí, ṣùgbọ́n irun ni mo ń wò.

Ẹ̀gbọ́n mi kan ló gbé awọ 48 wá. Ohun tí wọ́n ń fẹ́ ni kúbùsù tí àgbàlagbà kan lè fi bora láti àyà dé ẹsẹ̀, kí ojú kan jẹ́ irun, kí ojú kejì jẹ́ aṣọ. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi kó àwọn awọ náà jọ, wọ́n sì tẹnu mọ́ ọn pé àwọn kò fẹ́ kí ẹyọ kan ṣòfò. Awọ ehoro ńlá tí a tẹ́ pẹrẹsẹ sábà máa ń fẹ̀ tó nǹkan bí 30 sẹ̀ǹtímítà, kó sì gùn tó 40, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló ṣeé lò. Awọ ikùn fẹ́lẹ́, ó máa ń nà bí rọ́bà, irun rẹ̀ kò sì nípọn. Awọ ẹ̀yìn ló dára jù. Nítorí náà, mo pinnu pé ẹyọ kọ̀ọ̀kan yóò jẹ́ 24 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú àti 30 ní òró, kí n sì to 6 ní ìbú, 6 ní òró. Awọ 36 nìyẹn, 12 yóò sì ṣẹ́ kù fún àtúnṣe. Ojú rírán 5 yóò wà ní ìbú, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 144 sẹ̀ǹtímítà, 5 mìíràn yóò sì wà ní òró, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan gùn ní 180. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,620 sẹ̀ǹtímítà, ó lé ní mítà 16, tí ọwọ́ nìkan yóò rán.

Ìpalẹ̀mọ́ awọ gba ọjọ́ púpọ̀ ju bí ẹni tí kò ṣe é rí ṣe lè rò lọ. Awọ tó ti gbẹ máa ń ká kò, bí a bá sì gé e bẹ́ẹ̀, igun rẹ̀ kò ní bá ti ẹnìkejì mu. Mo fi aṣọ tútù nu ojú awọ ẹyọ kọ̀ọ̀kan, mo ká a mọ́ inú aṣọ náà fún wákàtí díẹ̀ kí ọ̀rinrin lè wọ̀ ọ́ dọ́gba, mo nà án díẹ̀ sórí pákó, ojú irun nísàlẹ̀, mo sì fi píìnì kàn án yí ká títí ó fi gbẹ. Ojú awọ yìí ni a ń fi pẹ́ńsù sàmì sí, láti ibẹ̀ náà ni a sì ti ń gé e. Mi ò lo àlùmọ́gàjí rárá. Àlùmọ́gàjí á gé awọ, á gé irun mọ́ ọn, ibi tí irun bá sì ti gé á pá lọ tóóró láàárín kúbùsù, kò sì sí bí a ṣe lè bò ó mọ́lẹ̀ mọ́. Abẹ mímú ni mo lò. Mo gbé awọ kúrò lórí tábìlì kí irun lè rọ̀ sísàlẹ̀, mo wá rọra fa abẹ náà lórí ìlà pẹ́ńsù kó gé awọ nìkan, irun á sì yà sọ́tọ̀ fúnra rẹ̀.

Irun pẹ̀lú ní ìlànà tirẹ̀. Láti ọrùn lọ sí ìrù ni irun ehoro ń sùn sí, bí a bá sì rán ẹyọ kan sódì, ọwọ́ tó ń pa kúbùsù náà lára á mọ̀ ọ́n kí ojú tó rí i. Mo ya ọfà kékeré sí ẹ̀yìn awọ kọ̀ọ̀kan kí n lè mọ ibi tí irun rẹ̀ kọrí sí. Mo tún fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sáàárín irun láti wo àwọ̀ ìdí rẹ̀, nítorí irun tó funfun lókè lè dúdú nísàlẹ̀. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe ohun tí mo kábàámọ̀ jù lọ nínú gbogbo iṣẹ́ yìí. Àpò méjì ni ẹ̀gbọ́n mi fi kó awọ náà wá. Mo tú àpò méjèèjì pọ̀ mọ́ra, mo tẹ́ gbogbo awọ sílẹ̀ pẹ̀lú irun lókè, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í tò wọ́n gẹ́gẹ́ bí àwọ̀ wọn ṣe bára mu, láti orí funfun títí dé àwọ̀ eérú. Mi ò kọ àmì kankan sí èyí tó ti inú àpò kìíní wá àti èyí tó ti inú àpò kejì wá. Mi ò sì béèrè ìdí tí àpò náà fi jẹ́ méjì.

Rírán awọ onírun yàtọ̀ sí rírán aṣọ. A ó kọ ojú irun méjì síra wọn, a ó mú etí wọn pọ̀, a ó sì máa fi ìdí abẹ́rẹ́ ti irun tó bá yọ jáde padà sínú kó má baà há sójú rírán. Abẹ́rẹ́ yóò wọlé ní nǹkan bí 2 mìlímítà sí etí, yóò gba inú awọ méjèèjì kọjá, okùn yóò yí etí ká, abẹ́rẹ́ yóò sì tún wọlé láti ìhà kan náà. Nígbà tí a bá rán an dópin, a ó ṣí awọ méjèèjì sílẹ̀, a ó fi èékánná àtàǹpàkò tẹ ojú rírán náà títí yóò fi sùn pẹrẹsẹ, a ó sì yí i padà láti fi ṣóńṣó abẹ́rẹ́ yọ gbogbo irun tó há. Bí ó bá bọ́ sí i, ẹni tó ń wo ojú irun kò ní mọ ibi tí awọ kan parí sí tí òmíràn ti bẹ̀rẹ̀. Abẹ́rẹ́ àwọn oníṣẹ́ awọ, èyí tí ẹnu rẹ̀ ní ìhà mẹ́ta tó mú, ni mo lò, pẹ̀lú okùn pólísítà tí mo fi ìda pa. Mo ń gún abẹ́rẹ́ ní ìgbà 5 nínú sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan, nítorí èrò mi ni pé bí ó bá ṣe ṣù mọ́ra tó ni yóò ṣe lágbára tó.

Mo rán ìlà òró mẹ́ta, awọ 6 nínú ìlà kọ̀ọ̀kan, mo sì so ìlà kìíní mọ́ ìkejì. Èyí jẹ́ 540 sẹ̀ǹtímítà nínú 1,620, abẹ́rẹ́ sì ti wọ inú awọ ní nǹkan bí ìgbà 2,700. Mo wá gbé ìlà méjì tó ti so pọ̀ yìí dání ní igun rẹ̀ lókè, mo gbé e jìnnà sí ara, mo sì gbọn ọ́n kí irun tó ti já lè bọ́ kúrò. Mo gbọ́ ìró kan bí ìgbà tí ènìyàn ń ya bébà. Mo dúró, mo tẹ́ ẹ sílẹ̀, mo yí i padà, mo sì rí i pé awọ 4 ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán, gbogbo wọn nínú ìlà kejì. Èyí tó gùn jù nínú yíya náà tó 11 sẹ̀ǹtímítà.

Okùn ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bẹ́ẹ̀ ni okùn kò já níbì kankan. Ó wà níbẹ̀ ní òdindi, ó di bèbè awọ tó ti já kúrò lára ìyókù mú. Mo wá rò pé bóyá okùn náà ló le jù fún awọ tó fẹ́lẹ́ tó bẹ́ẹ̀, tó sì ń rẹ́ ẹ bí ayùn. Ìrònú yìí kò burú, nítorí okùn tó le ju awọ lọ lè rẹ́ ẹ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ọdún gbọọrọ ni irú ìyẹn ń gbà. Láyé àtijọ́, iṣan ìrù kangarúù ni àwọn ọmọ onílẹ̀ Ọsirélíà fi ń rán ìbora awọ possum wọn, ìyẹn ẹranko kékeré onírun kan tó ń gbé orí igi, iṣan sì kúrò ní okùn yẹpẹrẹ. Síbẹ̀, méjì nínú irú ìbora bẹ́ẹ̀, tí wọ́n gbà ní Maiden's Punt ní ọdún 1853 àti ní Lake Condah ní ọdún 1872, ṣì wà nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Melbourne títí di òní. Tèmi kò tíì lo oṣù kan.

Abẹ́rẹ́ ló kàn. Ẹnu onígun mẹ́ta kì í ti fọ́nrán awọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí abẹ́rẹ́ aṣọ ṣe ń ṣe. Ńṣe ló ń gé e, ihò tó bá sì dá lè ya síwájú bí nǹkan bá fà á. Bí irú ihò bẹ́ẹ̀ bá jẹ́ 5 nínú sẹ̀ǹtímítà kan, ó ti fẹ́ jọ ihò tí wọ́n ń dá sára sítáǹbù ìwé kí ó lè rọrùn láti ya. Ẹ̀bi yìí tèmi ni, mo sì gbà á. Àmọ́ kò tó láti ṣàlàyé ohun tí mo rí, nítorí ẹ̀rí kan wà níwájú mi tí mi ò lè fojú fò. Ojú rírán kọ̀ọ̀kan ní awọ méjì. Okùn kan náà, abẹ́rẹ́ kan náà, ọwọ́ kan náà àti iye ihò kan náà ló wà lára awọ méjèèjì, síbẹ̀ ní gbogbo ibi tó ti ya, ẹ̀gbẹ́ kan ló ya, ẹ̀gbẹ́ kejì kò mira. Bó bá jẹ́ pé abẹ́rẹ́ nìkan ló jẹ̀bi, ó yẹ kí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì jọ pín nínú ìyà náà.

Nígbà náà ni mo tó wo awọ dáadáa. Mo mú etí ibi tó ya súnmọ́ ìmọ́lẹ̀. Bí a bá fi agbára ya awọ tó dára, fọ́nrán inú rẹ̀ á yọ jáde bí òwú tí a fà já. Etí èyí kò ní fọ́nrán kankan. Ó mọ́ gaara bí etí bébà. Mo ká apá ibòmíràn lára awọ kan náà mọ́ra, mo sì gbọ́ ìró wẹ́rẹ́ bíi ti ewé gbígbẹ. Mo gbé e sí imú, ó ń rùn kíkan díẹ̀. Mo rántí pé nígbà tí mo ń fi aṣọ tútù nu àwọn awọ náà kí n tó kàn wọ́n mọ́ pákó, òórùn kíkan yìí kan mi nímú, mo sì sọ fún ara mi pé bẹ́ẹ̀ ni awọ ṣe ń rùn.

Mo ra bébà tí wọ́n fi ń wọn ìwọ̀n ásíìdì, èyí tí àwọ̀ rẹ̀ ń yí padà gẹ́gẹ́ bí iye pH bá ṣe rí. Lórí òṣùwọ̀n yìí, 7 ló wà láàárín, iye náà sì ń lọ sílẹ̀ bí ásíìdì ṣe ń pọ̀ sí i, tó fi jẹ́ pé ìsọ̀kalẹ̀ ẹyọ kan túmọ̀ sí ìlọ́po 10. Mo kán omi mímọ́ tí wọ́n ti yọ iyọ̀ inú rẹ̀ kúrò sí ojú awọ kọ̀ọ̀kan, mo dúró fún ìṣẹ́jú kan kí ó lè wọlé, mo sì tẹ bébà náà mọ́ ọn. Gbogbo awọ 48 ni mo yẹ̀ wò bẹ́ẹ̀, èyí tí mo ti rán àti èyí tí mi ò tíì rán, mo sì kọ nọ́ńbà àti iye pH sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí n ti ṣe iṣẹ́ ọ̀sán kan yìí kí n tó fa abẹ yọ. Nínú awọ 48, 30 wà ní nǹkan bíi 4. Àwọn 18 yòókù kò dé 3 rárá, òmíràn tilẹ̀ súnmọ́ 2. Méje nínú àwọn 18 yìí ló ti wà nínú ìlà mẹ́ta tí mo rán, àwọn 4 tó ya sì wà lára wọn.

Ó yẹ kí n ṣàlàyé ibi tí ásíìdì ti wá, nítorí kì í ṣe ìdọ̀tí tó ṣèèṣì kan awọ. Lára iṣẹ́ ṣíṣe awọ onírun ni kí wọ́n rẹ ẹ́ sínú omi iyọ̀ àti ásíìdì lẹ́yìn tí wọ́n bá ti há ẹran àti ọ̀rá kúrò lára rẹ̀. Omi yìí ń tú fọ́nrán inú awọ sílẹ̀, kò jẹ́ kí ó rà, ó sì ń múra rẹ̀ sílẹ̀ láti gba èròjà tí yóò sọ ọ́ di awọ tó pé. Iyọ̀ inú rẹ̀ kò ṣeé yọ sílẹ̀, torí òun ni kì í jẹ́ kí awọ wú nínú ásíìdì. Lẹ́yìn èyí, ẹni tó ń ṣe é gbọ́dọ̀ pa agbára ásíìdì náà, báíkábónéètì sódà ni ọ̀pọ̀ ènìyàn sì ń lò, kí ó ṣan awọ náà, kí ó fi epo pa á, kí ó sì máa nà án títí yóò fi gbẹ. Bí ó bá fo pípa ásíìdì náà, awọ náà ṣì lè rọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e kalẹ̀, ojú irun rẹ̀ sì lè máa dán. Àmọ́ ásíìdì tó kù nínú rẹ̀ kò sinmi. Díẹ̀díẹ̀ ni ó ń gé kọ́lájínì, ìyẹn ohun tí fọ́nrán awọ fúnra rẹ̀ jẹ́, sí wẹ́wẹ́, ooru àti ọ̀rinrin sì ń mú un yá. Ohun tó ti gé kò tún so pọ̀ mọ́.

Mo lọ bá ẹ̀gbọ́n mi, mo sì bi wọ́n pé, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ẹnì kan ṣoṣo ló ṣe gbogbo awọ yìí fún yín?" Wọ́n ní rárá. Ẹnì kan ló ṣe 30 àkọ́kọ́. Nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dí, wọ́n gbé 18 tó kù fún ẹlòmíràn, ìdí sì nìyẹn tí àpò fi jẹ́ méjì. Mi ò tíì sọ iye tí mo kà fún wọn nígbà náà. Nígbà tí mo fi ìwé tí mo kọ pH sí hàn wọ́n, wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n sì ní kí n gba èyí tí mo bá lè gbà là. Mo jẹ́jẹ̀ẹ́ pé n ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n mo sọ fún wọn pé kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ni yóò padà wọ kúbùsù.

Kí n tó fi omi kan ohunkóhun, mo gbọ́dọ̀ mọ ohun méjì. Àkọ́kọ́ ni bóyá awọ 18 náà ti di awọ tó pé lóòótọ́, tàbí wọ́n kàn rẹ ẹ́ sínú ásíìdì, tí wọ́n sì gbẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Mo rẹ ègé kékeré láti etí díẹ̀ nínú wọn sínú omi iyọ̀ di ọjọ́ kejì, mo sì jẹ́ kí ó gbẹ. Bí kò bá tíì pé, ńṣe ni ègé náà yóò le gbagidi, tí ìmọ́lẹ̀ á sì máa gba inú rẹ̀ kọjá bí ìwo tí a há. Àwọn ègé náà gbẹ ní funfun, wọ́n sì tún rọ̀ nígbà tí mo nà wọ́n, torí náà iṣẹ́ pípa ásíìdì nìkan ló kù. Ìkejì ni agbára tó ṣẹ́ kù nínú wọn. Láti ara àwọn awọ tí mi ò tíì gé, mo gé ọ̀já kékeré kan tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1, mo gún ihò abẹ́rẹ́ sí i ní ìlà kan, mo sì fi igo tí mo rọ lítà omi 1 sí kọ́ ọ, ìyẹn kìlógíráàmù 1. Ọ̀já láti ara awọ 30 tó dára kò tilẹ̀ nà. Láti ara àwọn 18, òmíràn já kí n tó fi ọwọ́ sílẹ̀. Àwọn tí mo ti rán ni mo kàn fi àtàǹpàkò méjèèjì fà lẹ́bàá ihò. Awọ 7 ló kùnà pátápátá, àwọn 4 tó ti ya sì wà nínú wọn. Mo yọ wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Awọ 11 ló wọ inú omi. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹni tó bá wà nínú irú ìṣòro yìí ti fara balẹ̀ kà á, nítorí omi lásán á ba awọ tí ásíìdì kún inú rẹ̀ jẹ́. Láìsí iyọ̀, awọ bẹ́ẹ̀ á fa omi mu, á wú, fọ́nrán rẹ̀ tó ti rẹ̀ á sì ya nínú lọ́hùn-ún níbi tí ojú kò lè rí. Mo po iyọ̀ gíráàmù 50 sínú lítà omi kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí awọ náà rọ̀ nínú rẹ̀, kí n tó máa fi báíkábónéètì sódà kún un díẹ̀díẹ̀ títí ó fi tó gíráàmù 7 sí lítà kan. Bí a bá dà á lẹ́ẹ̀kan náà, ojú awọ nìkan ni yóò gbà á, ásíìdì á sì wà láàárín síbẹ̀. Mo ń rò ó fún nǹkan bí 30 ìṣẹ́jú, mo ń gé etí kékeré wò, mo sì ń tẹ bébà mọ́ ibi tí mo gé gan-an. Nígbà tí àárín awọ dé nǹkan bíi 4 ààbọ̀, mo yọ ọ́. Mi ò jẹ́ kó kọjá 5, nítorí sódà tó bá pọ̀ jù lè tú èròjà tó so awọ pọ̀ kúrò, irun náà sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í re. Mo ṣàn án, mo fi epo awọ tí mo ti po pọ̀ mọ́ omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pa ojú awọ, mo jẹ́ kí ó máa gbẹ níbi tí oòrùn kò dé, mo sì ń nà án sọ́tùn-ún sósì ní gbogbo ìgbà tí mo bá ń kọjá, títí ó fi padà funfun tó sì rọ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi ṣe èyí.

Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, mo tún fi igo omi wọn wọ́n. Mẹ́jọ gbé e, mẹ́ta kò lè gbé e. Ó dùn mí, nítorí ọ̀kan nínú àwọn mẹ́ta náà ló ní irun tó lẹ́wà jù nínú gbogbo 48, ṣùgbọ́n mi ò lè fi í sínú ohun tí ènìyàn yóò máa fà mọ́ra lóru. Awọ tó dára jẹ́ 30, tí mo gbà là jẹ́ 8, àpapọ̀ 38. Mo nílò 36.

Mo tú gbogbo ohun tí mo ti rán. Ihò abẹ́rẹ́ kì í pa dé lára awọ, nítorí náà mo gé ìdajì sẹ̀ǹtímítà kúrò lára etí gbogbo, kí n má baà rán an lójú ihò àtijọ́, mo sì dín gbogbo ẹyọ yòókù kù bákan náà. Ẹyọ kọ̀ọ̀kan di 23 ní ìbú, 29 ní òró, ojú rírán sì di 1,560 sẹ̀ǹtímítà. Dípò kí n gún abẹ́rẹ́ ní ìgbà 5 nínú sẹ̀ǹtímítà, mo sọ ọ́ di 3, mo sì pààrọ̀ abẹ́rẹ́ onígun mẹ́ta náà sí èyí tó tín-ínrín ju ti àkọ́kọ́ lọ. Iye ìgbà tí abẹ́rẹ́ yóò wọ awọ di nǹkan bí 4,680, nígbà tí ètò àkọ́kọ́ ì bá gba 8,100. Bákan náà ni mo dẹwọ́ okùn. Okùn tó bá fún jù á fa etí awọ jọ, á sì sọ ojú rírán di òkè kékeré tí ara yóò máa mọ̀ lábẹ́ aṣọ.

Ibi tí mo ronú sí jù ni ibi tí n ó fi awọ 8 tí mo gbà là sí. Ìrònú àkọ́kọ́ tó wá sí mi ni láti fọ́n wọn káàkiri láàárín àwọn tó lágbára, kí àìlera wọn má baà pọ̀ lójú kan. Mo kọ̀ ọ́ nígbẹ̀yìn. Etí àti igun ni ọwọ́ ń dì mú nígbà tí a bá ń gbé kúbùsù tàbí tí a bá ń fà á, ibẹ̀ ni agbára ti ń kọ́kọ́ wọlé, awọ tí kò dá mi lójú kò sì gbọdọ̀ wà níbẹ̀. Bí mo bá sì fọ́n wọn ká, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bàjẹ́ lọ́jọ́ iwájú, ibi mẹ́jọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni n ó ti máa tú kúbùsù. Mo kó gbogbo wọn sí àárín gbùngbùn, 4 ní ìbú, 2 ní òró, kí awọ tó dára yí wọn ká ní gbogbo ìhà. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe di ègé kan tó fẹ̀ ní 92 sẹ̀ǹtímítà tó sì ga ní 58, tí a lè yọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo kí a sì fi òmíràn dípò rẹ̀ láìfọwọ́ kan ìyókù. Àwọ̀ eérú ni ọ̀pọ̀ nínú wọn, torí náà àárín kúbùsù náà dúdú ju etí rẹ̀ lọ, ètò àwọ̀ tí mo ti fi ọjọ́ méjì ṣe tẹ́lẹ̀ sì fọ́. Mo fi ara mọ́ ọn.

Mo wá fi ọ̀já òwú tẹ́ẹ́rẹ́ tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 1 lé ojú rírán inú ègé àárín yìí láti ojú awọ, àti yí etí rẹ̀ ká, gbogbo rẹ̀ jẹ́ 566 sẹ̀ǹtímítà. Bí nǹkan bá fa ibẹ̀, ọ̀já náà ni yóò kọ́kọ́ gba agbára rẹ̀. Etí kúbùsù náà lódindi gba ọ̀já tirẹ̀ pẹ̀lú. Lẹ́yìn tí ojú rírán ti gba etí tirẹ̀, kúbùsù náà jẹ́ 136 sẹ̀ǹtímítà ní ìbú, ó sì gùn ní 172.

Aṣọ ẹ̀yìn jẹ́ òwú tó nípọn, tí mo fọ̀ tí mo sì sá lẹ́ẹ̀mejì kí n tó gé e, kí ó lè fún gbogbo fífún tí yóò bá fún kó tó kan awọ. Mo gé e ní ìwọ̀n kan náà pẹ̀lú awọ, láìfi àyè sílẹ̀, nítorí mo fẹ́ kí aṣọ náà máa gbé ìwúwo kúbùsù nígbà tí a bá gbé e dání. Bí aṣọ bá tú ju awọ lọ, awọ nìkan ni yóò máa ru ẹrù. Láti so wọ́n pọ̀, mo ta kókó ní ibi 25 tí ojú rírán ìbú àti ti òró ti pàdé. Okùn ojú rírán ni mo fi abẹ́rẹ́ mú níbẹ̀, mi ò gún àárín awọ kankan.

Mo ní kí ẹ̀gbọ́n mi má fi kúbùsù náà sínú omi tàbí ẹ̀rọ ìfọṣọ láé, kí wọ́n máa sá a sí atẹ́gùn níbi tí ibòòji wà, kí wọ́n sì máa fi àpò òwú bò ó, kì í ṣe ọ̀rá, nítorí awọ gbọ́dọ̀ mí. Kòkòrò tó ń jẹ aṣọ fẹ́ràn irun gidigidi. Bí wọ́n bá rí àmì rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀rá dí kúbùsù náà pinpin fún ìgbà yẹn nìkan, kí wọ́n sì gbé e sínú fìrísà tó tutù dé -18°C fún ọ̀sẹ̀ méjì.

Mo lọ yẹ kúbùsù náà wò lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, mo tún lọ lẹ́yìn oṣù mẹ́fà. Mo tú aṣọ ẹ̀yìn díẹ̀ ní ìgbà méjèèjì, mo sì fi bébà wọn awọ 8 àárín. Gbogbo wọn ṣì wà lókè 4. Ní oṣù kẹfà, mo rí i pé ọ̀kan nínú wọn ti ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ ojú rírán ní 2 sẹ̀ǹtímítà, ọ̀já òwú sì dì í mú níbẹ̀, kò jẹ́ kó lọ síwájú. Ẹ̀gbọ́n mi kò tilẹ̀ mọ̀ pé nǹkan ṣe é. Mo fi ègé awọ fẹ́lẹ́ kan lẹ̀ ẹ́ láti ẹ̀yìn, mo rán etí ègé náà mọ́ ọ̀já, mo sì pa aṣọ ẹ̀yìn dé. Awọ 2 tó ṣẹ́ kù wà lọ́dọ̀ wọn nínú àpò òwú tiwọn, mo ti kọ nọ́ńbà, iye pH àti ẹni tó ṣe é sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan.